Bàbá mi ò dá mi mọ̀ lórí fóònù: ṣé àtọ̀gbẹ ti dé ọpọlọ ni?

Dúpẹ́, Leeds: Èkìtì kete, ẹ gbà mí o. Mo pe bàbá mi n'Íkọ̀lé láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n tún ń pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Ọdún 19 rèé tí wọ́n ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí n lọ mú wọn wá ni?

Ìyá Ìbejì, Houston: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní kí wọ́n tọ́ ṣúgà wọn wò báyìí. Bí kò bá tó 70, ebi ló ń pa ọpọlọ. Kí wọ́n fún wọn ní mínírà, kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Bọ̀dá Kúnlé, Manchester: Wọ́n ní ti màmá mi jẹ́ 62. Níbí, 5, 6 la máa ń rí lójú máṣíìnì. Mo pariwo, mo ní kí wọ́n fi oògùn kan kún un. Àṣé ìwọ̀n tilé yàtọ̀ sí tibí: 62 ilé, 3.4 ni níbí! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti bá màmá, aṣọ wọn rin fún òógùn. Ọsibítù ni wọ́n sùn.

Ṣẹ́gun, Toronto: Ẹni tó fún wọn lóògùn ló jẹ̀bi, Bọ̀dá.

Ìyá Ìbejì: Rárá o! Àwa tá à ń fowó ránṣẹ́, wọn kì í lè já wa ní koro. Ẹ má kọ oògùn lórí fóònù mọ́.

Bọ̀dá Kúnlé: Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo máa ń fi 18 pín in báyìí kí n tó la ẹnu.

Ṣẹ́gun: Dúpẹ́, metformin, oògùn ṣúgà yẹn, ńkọ́? Ó pẹ́ tí bàbá tèmi ti ń lò ó, fítámì B12 ló tán lára wọn. Abẹ́rẹ́ ló dá iyè wọn padà. Àmọ́ bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀ láti ọdún mélòó kan, ó lè jẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ ni ṣúgà ti bà jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mínírà.

Dúpẹ́: 58 ni ṣúgà bàbá mi! Wọ́n loògùn, wọn ò jẹun. Wọ́n ní iyán àbúrò mi ní kókó.

Bọ̀dá Kúnlé: Iyán Ìkọ̀lé kẹ̀? Ẹ wá sí Ìkẹ́rẹ́!

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará Manchester tẹ́ ẹ̀ ń ro ìyẹ̀fun inú páálí? Iṣu gidi là ń gún ní Houston.

Ṣẹ́gun: Ìró odó nídàájí ló ń wù mí gbọ́, lábẹ́ òkè Olósùnta.

Dúpẹ́: Wọ́n ti pe orúkọ mi! Wọ́n ní, "Dúpẹ́, ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ti tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?