Ṣé ó burú kí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ máa rẹ́rìn-ín? Mo ń wá ìmọ̀ràn fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa n'Ìkẹ́rẹ́

Olùkọ́ Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́ kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, gbogbo Èkìtì Kete.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní girama, àwọn mìíràn ti ṣe WAEC tán, JAMB ni wọ́n ń bá yí.

Nínú họlidé tó kọjá a kó wọn lọ sí Ìkọ́gòsí. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, ariwo wọn gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún yìí. Òun gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù. Lójijì ó dákẹ́, ó gun òkè padà, ó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ̀rín tí mò ń rín yìí, ṣé kì í ṣe pé mo ti gbàgbé bàbá mi?"

Bàbá náà kò tíì pé ẹni 50 ọdún. Òkú ọ̀fọ̀ ni: kò sí àríyá, kò sí aṣọ ẹbí, kíá ni wọ́n sin ín. Lóṣù kan náà, màmá àgbà kan kú ládùúgbò, wọ́n jó, wọ́n ná owó. Ọmọ yẹn rí méjèèjì. Kòkó ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ lọ́jà. Ó ti yege JAMB, owó ilé ìwé ni kò sí.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó kù náà ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìsinmi. Ọmọkùnrin kan ní, "Wọ́n ní ká máa yọ̀ nígbà gbogbo. Bí inú mi ò bá dùn ńkọ́, ṣé kí n máa díbọ́n ni?" Mi ò fẹ́ pa irọ́ fún wọn, mi ò sì fẹ́ kí ìgbàgbọ́ wọn yẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìpọ́njú àti ayọ̀?

Akọrin Ọ̀yẹ́ fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì níbí l'Ọ̀yẹ́ nígbà tí màmá mi kú. Àwọn tó wá sọ fún mi pé "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe" pọ̀, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tó wá sí yàrá mi. Ó fọ abọ́ tó ti kún nílẹ̀, ó se ìrẹsì, ó jókòó tì mí. Kò wàásù rárá. Nígbà tó yá ó ní kí n máa bọ̀ níbi ìdánrawò orin. Mo ní mi ò lè kọrin. Ó ní kí n ṣáà wá dúró sáàárín wọn, pé àwọn á bá mi kọ ọ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ohùn mi tó jáde.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà, ọjọ́ 7 tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ajíhìnrere Adó fèsì:

Arákùnrin, Olúwa yóò ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ ṣọ́ra. Bí a bá ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ sọ ìrora wọn ṣáá, ó lè di ìkùnsínú bíi ti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù. Ẹnu onígbàgbọ́ ní agbára. Obìnrin ará Ṣúnémù, orí eékún rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ kú sí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í pé ṣé àlàáfíà ni, ó ní, "Àlàáfíà ni." Irú ìgbàgbọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́ wọn. Mi ò sọ ọ́ bí aláìláàánú. Èmi náà ti sin ọmọ rí.

Màmá Olùkọ́ Ẹ̀fọ̀n fèsì:

Ọmọ mi, o kú làálàá àwọn ọmọ. Ajíhìnrere, ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo kọ́ àwọn ọmọ girama títí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni mo sì ń gbé báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Obìnrin ará Ṣúnémù yẹn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ ló sọ pé "Àlàáfíà ni." Ta ló sọ ọ́ fún? Géhásì ọmọ ọ̀dọ̀ ni, lójú ọ̀nà. Ẹ máa ka ìtàn náà lọ, 2 Àwọn Ọba 4, láti ẹsẹ 27. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà lórí òkè Kámẹ́lì, ṣe ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Géhásì fẹ́ tì í kúrò, Èlíṣà ní kó fi í sílẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà wá tú u jáde: ṣé òun ló tọrọ ọmọ ni? Ṣé òun kò ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kó má tan òun jẹ? Ọ̀rọ̀ tó gbóná ni, sí ènìyàn Ọlọ́run pàápàá, èmi ò sì rí ibi tí Bíbélì ti bá a wí fún un. Ìgbàgbọ́ ló gbé e gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìgbàgbọ́ yẹn náà ló là á lẹ́nu. Ohun tó ń dùn mí ni pé èyí tó sọ fún Géhásì nìkan là ń kọ́ àwọn ọmọ wa. A kì í jẹ́ kí wọ́n dé ibi ẹsẹ̀ Èlíṣà.

Ọmọkùnrin tó béèrè bóyá kí òun máa díbọ́n, ìbéèrè rẹ̀ dára. Fún un ní lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Fílípì kó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Orí mẹ́rin péré ló ní. Inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́. "Ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo" wà ní orí 4, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n kó dúró díẹ̀ ní orí 2, ẹsẹ 25 sí 30. Epafródítù, tí ìjọ Fílípì rán lọ ṣe ìtọ́jú rẹ̀, ṣàìsàn débi pé ikú ló kù. Ọlọ́run ṣàánú fún un, Pọ́ọ̀lù sì ní òun náà ni Ọlọ́run ṣàánú fún, kí òun má baà ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ìbànújẹ́ kan ti wà nílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí òmíràn gun orí rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà, nínú lẹ́tà yìí kan náà, ló ní ká máa yọ̀. Kò díbọ́n.

Kí wọ́n sì rántí ìlú tí lẹ́tà náà ń lọ. Ní Fílípì ni wọ́n ti fi ọ̀pá na Pọ́ọ̀lù àti Sílà, tí wọ́n kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń kọrin lọ́gànjọ́ òru, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn wọn, nítorí ẹ̀yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ni onítúbú tó wẹ ọgbẹ́ wọn, ìyẹn Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16, ẹsẹ 33. Bóyá onítúbú yẹn gan-an wà ní ìjókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún un pé kó máa yọ̀, ó lè kọ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù, ẹni tí òun onítúbú fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọgbẹ́ rẹ̀, ló ń sọ ọ́ yìí.

Nípa ọmọbìnrin yẹn, sọ fún un pé àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀rín rẹ̀ kò lé bàbá rẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé bàbá náà ló kọ́ ọ lẹ́rìn-ín. Bi í léèrè irú ènìyàn tó jẹ́, kó sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ.

Ohun kan tún wà tó lè máa jà lọ́kàn rẹ̀ tí kò sọ: pé ikú àìtọ́jọ́ ni bàbá òun kú, bóyá kò gbàdúrà tó. Àwọn kan ti lè sọ ọ́ létí rẹ̀. Ibi tí mò ń gbé yìí ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbí mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà ló ń wà nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928. Wọ́n mọ ìsọjí tó ṣe ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930. Ta ló ń sọ fún wọn pé lọ́dún 1932 ó wà lẹ́wọ̀n ní Benin? Ta ló ń sọ fún wọn pé ẹni ọdún 55 péré ni nígbà tó kú ní 1959? Ẹni tó gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ kò pé 60. Àti pé àsìkò tí owó kòkó já wálẹ̀ gidigidi ni àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ síbi ìsọjí yẹn. Àwọn ìyá àgbà wa kò dúró kí nǹkan ṣẹnuure kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́.

Ó ku bí wàá ṣe ṣe é ní kíláàsì. Gbé Sáàmù 13 fún wọn, ẹsẹ 6 péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé "Yóò ti pẹ́ tó?" Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ "Yóò ti pẹ́ tó" tirẹ̀ sínú ìwé. Má fipá mú ẹnikẹ́ni kà á síta. Bó bá jẹ́ ẹnu Èkìtì ló fẹ́ fi kọ ọ́, kó fi kọ ọ́, nítorí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé la fi ń sunkún. Má sáré mú wọn dé ẹsẹ 5 àti 6 níbi tí orin wà. Bí àkókò bá tán ní ẹsẹ 4, ẹ ṣe oore-ọ̀fẹ́, ẹ padà wá sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn tó dàgbà nínú wọn lè ka Sáàmù 88, tí òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ wà nínú Bíbélì.

Ìbéèrè tèmi wá nìyí: oṣù kẹwàá ti wọlé, kòkó bàbá ọmọ yẹn, ta ló ń ká a?

Ajíhìnrere Adó fèsì:

Màmá, ẹ ṣeun fún ìkíni. Mo ti lọ ka ẹsẹ 27 àti 28 náà, mo gbà pẹ̀lú yín. Èyí tí mo ṣì dì mú ni pé kí olùkọ́ má jẹ́ kí ó tán síbẹ̀. Ní ẹsẹ 30 obìnrin náà búra pé òun kò ní fi Èlíṣà sílẹ̀, títí Èlíṣà fi dìde tẹ̀ lé e. Ó sunkún, kò sì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ìyẹn náà.

Màmá Olùkọ́ Ẹ̀fọ̀n fèsì:

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ajíhìnrere. Mo bá yín fi ọwọ́ sí i.

Olùkọ́ Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́ fèsì:

Màmá, ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ajíhìnrere, ẹ ṣeun sà. Akọrin Ọ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo kà fún àwọn alágbàtọ́ ọ̀dọ́ tó kù.

Mo lọ kí ìyá ọmọ náà nílé lánàá. Ìbéèrè yín nípa kòkó ni mo kọ́kọ́ bi í, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹni tó ń bá wọn ká a ti bá iṣẹ́ míràn lọ. Kòkó ti pọ́n lórí igi, ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń lu ú. Owó kòkó yẹn ni wọ́n gbójú lé fún ilé ìwé. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn ìsìn, kí n tó parí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń na ọwọ́. Sátidé tó ń bọ̀ la ó lọ. Màmá, púpọ̀ nínú wọn kò ṣe kòkó rí, kí ni kí n sọ fún wọn?

Màmá Olùkọ́ Ẹ̀fọ̀n fèsì:

Inú mi dùn dé ilẹ̀, ọmọ mi. Fílípì 4, ẹsẹ 14 sí 16, ka ìyẹn fún wọn kí ẹ tó gbéra.

Kùmọ̀ ni kí wọ́n fi fọ́ ọ, kì í ṣe àdá, kí wọ́n má baà gé ọmọ kòkó nínú. Èyí tó bá ti rà, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Wọn á fẹ́ máa lá omi funfun ara rẹ̀, ó dùn, jẹ́ kí wọ́n lá a. Kí ẹ kó o jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ fi ewé bò ó dáadáa. Á lo bí ọjọ́ 5 tàbí 6, ẹ ó máa yí i kí ẹ tó sá a sóòrùn. Kí ọmọbìnrin náà ló ṣíwájú yín wọ oko, oko bàbá rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lóko, kí wọ́n rín in. Bí ó bá sì sunkún níbẹ̀, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́ fèsì:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ma. Aago 7 àárọ̀ Sátidé, iwájú ìjọ la ó ti gbéra. Ẹni tó bá wà n'Ìkẹ́rẹ́ tàbí Adó tó ní tapólì ńlá tí a lè fi sá kòkó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi níbí. N ó wá gbé e fúnra mi, n ó sì dá a padà.