Nítorí awẹ́ obì méjì, wọ́n dá bàbá mi padà

Ọmọ Lágere: Ẹ gbà mí o, inú ń bí mi. Aago mẹ́rin ìdájí la ti kúrò n'Ífẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn fún Bàbá n'Íbàdàn. Táyà jò ní Ìkirè. A débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí lọ́mọ ní kí ni Bàbá jẹ láàárọ̀. Bàbá lanu, eyín pọ́n ròrò. Ló bá ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀! Mo sì ti sanwó. Ṣé kí n gbé wọn lọ ibòmíì ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Tii ni wọ́n fi dá ọkọ tèmi padà. Odindi ọjọ́ méjì ni ò fi bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo ní kó mu ún.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Iléṣà: Ṣé Bàbá máa rìn lórí ẹ̀rọ kí ọkàn wọn lè sáré ni, àbí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ gún wọn dípò ẹ̀?

Ọmọ Lágere: Abẹ́rẹ́. Orúnkún ń dùn wọ́n. Owó mọ́tò mi ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Iléṣà: Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ yín. Abẹ́rẹ́ bí adenosine ló ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ lè ya wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó ya àwòrán ọkàn. Caffeine, èròjà tó ń lé oorun nínú obì àti tii, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́, àwòrán á wá purọ́ pé kò síbi tó dí. Wákàtí 12 sí 24 ni wọ́n ń ní kéèyàn má fẹnu kàn án.

Alàgbà Mọ̀ọ́rè: Bàbá tèmi jẹ obì dé àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹ wá àgbo!

Ìyá Ìbejì: Alàgbà, ta ló béèrè àgbo?

Ọ̀dọ́ Ìlódè: Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn ń pààyàn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Iléṣà: Kò wọ́pọ̀. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lórí ẹ̀ ní 2013, pé ó lè dá ọkàn dúró fún ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì ń dùn lọ́wọ́. Òun náà ni wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gún un. Ẹni tó ní ásímà, tí èémí rẹ̀ ń dún fíì, wọn kì í fún un.

Ọmọ Lágere: Ẹ dúró ná. Tí ọyẹ́ bá dé, Bàbá máa ń fín nǹkan aláwọ̀ búlúù kan sẹ́nu lóru. Wọ́n ní ká má sọ fún dókítà, pé wọ́n á tún kọ oògùn míì.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Iléṣà: Háà! Ẹ pe dókítà lónìí. Oògùn míì wà tí wọ́n lè lò, dobutamine. Ẹ mú nǹkan búlúù yẹn dání lọ.

Ọmọ Lágere: Abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló wà. Mo ti yọ ọ́. Wọ́n ṣì ń sùn.