Aran tó ń pa aran jẹ ò fẹ́ jẹun mọ́, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọbántokò l'Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Gbòǹgbò ewédú mi wú ní kókó kókó, iṣẹ́ ọwọ́ Meloidogyne, aran tín-ín-tín tó ń jẹ gbòǹgbò. Ni mo bá wá aran Mononchus, tó ń pa aran mìíràn jẹ, jáde látinú ilẹ̀ tútù lẹ́yìnkùlé, àwọn tó ní eyín ńlá kan lẹ́nu. Mo kó wọn sórí agar (ohun rírọ̀ bíi jẹ́lì), mo sì da ọmọ Meloidogyne sí i.

Alẹ́ àkọ́kọ́ dùn-ún wò! Ọ̀kan fi ètè lẹ̀ mọ́ ẹran rẹ̀, ó fà á wọlé lódindi bí ẹni ń fa súpágẹ́tì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú iná lọ, yàrá gbóná bí ààrò, àwọn Mononchus mi kàn ká kò sójú kan. Ẹran ń rìn kọjá níwájú wọn, wọn ò tilẹ̀ yíjú.

Ṣé ooru ló pa wọ́n lẹ́nu ni, àbí agar ló gbẹ jù? Omi fẹ́ẹ́rẹ́ àárín iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ṣáà fi ń rìn. Ìkòkò amọ̀ tí mo rì sínú iyanrìn tútù ni mo tọ́jú wọn sí báyìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mélòó lẹ máa ń febi pa tiyín kẹ́ ẹ tó dán wọn wò?