Iṣẹ́ kíà (títọ́jú arúgbó àti aláìlera) ọjọ́ Sátidé, ṣé ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú tákò, ẹ̀rọ inú lọ́rì tó ń ka wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi dírẹ́bà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́rì Class 2 (lọ́rì ńlá tí kì í ṣe tírélà) ni mò ń wà fún ẹ̀jẹ́ńsì kan níbí, Mọ́ńdè sí Fráídè, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń bẹ̀rẹ̀, Fráídè mo ń parí ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tó bá di Sátidé mo tún ń lọ síbi iṣẹ́ kíà lóru, mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ Sọ́ńdè, torí owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ nílé. Dírẹ́bà kan ní yáàdì wá ń sọ pé kíà ò kan tákò, pé tí n bá ti ki káàdì bọ̀ ọ́ ní Mọ́ńdè kí n kàn tẹ bẹ́ẹ̀dì, àmì ìsinmi, fún gbogbo wíkẹ́ẹ̀ńdì. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Onílọ́rì
Àbúrò, má tẹ bẹ́ẹ̀dì o! Iṣẹ́ tó o bá gbowó lé lórí, ì báà jẹ́ kíà tàbí wèrháùsì, iṣẹ́ ni lójú òfin. Tí ẹ̀rọ bá bi ẹ́ ní Mọ́ńdè bóyá o fẹ́ fọwọ́ kọ nǹkan kún un, ní o fẹ́. Bẹ́ẹ̀dì láti Fráídè mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé Sátidé mẹ́jọ alẹ́, àmì òòlù méjì tó dábùú ara wọn (ìyẹn iṣẹ́ mìíì tí kì í ṣe ọkọ̀ wíwà) dé Sọ́ńdè mẹ́jọ àárọ̀, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì padà. Kíyè sí aago o, UTC, aago àgbáyé, làwọn ẹ̀rọ mìíì ń béèrè, nígbà sọ́mà aago tiwa fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀. DVSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ àti dírẹ́bà wò, lè dá ẹ dúró lójú títì kí wọ́n wo ọjọ́ 28 sẹ́yìn, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2.

Ìyá Ìbejì, tíránsípọ́ọ̀tù ọ́fíìsì
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìsinmi ọ̀sẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wákàtí 45 ló yẹ kó jẹ́. Fráídè sí Sátidé tìẹ, 26 péré ni, Sọ́ńdè sí Mọ́ńdè 21, ìyẹn ò tiẹ̀ tó 24 tí wọ́n ń kà. Wọ́n gbà kéèyàn dín in kù sí 24, àmọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, tórí náà kíà gbogbo Sátidé ò lè ṣeé ṣe. Bó o bá ń ṣe é lọ́sẹ̀ kan, tó ò ṣe lọ́sẹ̀ kejì, o ṣì jẹ gbèsè wákàtí 19 (45 dín 26), lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lo máa san án, ní àsopọ̀ mọ́ ìsinmi mìíì, kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó tẹ̀ lé e tó parí. Wíkẹ́ẹ̀ńdì tó ò ní kíà, Fráídè mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí Mọ́ńdè márùn-ún ìdájí, jẹ́ wákàtí 59, 45 àti 19 sì jẹ́ 64, ó ku 5. Ní kí wọ́n jẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn. Àbúrò mi, ẹni tí kò sùn tó ń wa tọ́ọ̀nù méjìdínlógún, ọmọ ọlọ́mọ ló wà níwájú ẹ̀ lójú títì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds
Ẹ ṣé gan-an mà. Màá sọ fún mánéjà kíà lónìí. Ṣé kí n kàn pe ẹ̀jẹ́ńsì lórí fóònù?

Ìyá Ìbejì, tíránsípọ́ọ̀tù ọ́fíìsì
Rárá, fi ímeèlì ránṣẹ́, kọ ọjọ́ àti wákàtí kíà sínú ẹ̀, kó o sì tọ́jú èsì wọn.