Ìmọ̀ràn kíákíá: Smith & Wesson àtijọ́ tó ń dán, ṣé àwọ̀ ilé iṣẹ́ ni àbí wọ́n tún un kùn?

ỌmọAláké_Alief:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbọn ìléwọ́ oníyípo kan wà tí mo fẹ́ rà lọ́wọ́ opó ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Houston níbí. Smith & Wesson àtijọ́ ni, ó funfun, ó sì ń dán gbinrin. Ọmọ wọn ọkùnrin ní àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi kó o jáde ló ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ní dọ́là 1,200 ni àwọn máa gbà. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ fún wọn lésì kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣú. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti tún ìbọn kùn? Ta sì ni alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ ní agbègbè wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

BàbáỌdẹ_Ọ̀wọ̀:
Àbúrò, o kò sọ oríṣi èyí tó jẹ́, o kò sọ bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni o kò kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbí. Láti àwọn ọdún 1850 ni Smith & Wesson ti ń ṣe ìbọn ní Springfield, Massachusetts, nítorí náà “àtijọ́” kò lè tó wa. Ní ti alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ilé ìtajà oúnjẹ wa ní òpópónà Bissonnet yẹn ló dára, ẹni gbogbo ló mọ̀ ọ́n.

Bí o bá padà débẹ̀, má jẹ́ kí dídán rẹ̀ fà ọ́ lójú kí o tó wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Gbé iná kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ojú irin náà kọjá ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ a máa mú létí, a sì máa jìn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìdán tí àwọn alátùn-únkùn ń lò a máa jẹ etí lẹ́tà náà, débi pé apá kan á ṣì hàn ketekete nígbà tí apá kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Lẹ́yìn náà, wo ihò síkúrù. Etí ihò náà yẹ kó dúró ṣánṣán. Bó bá ti tẹ́ bí àwo ọbẹ̀ yí ká orí síkúrù, ẹ̀rọ ìdán ti kọjá níbẹ̀. Wo ìlà tí pátákó irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fi bá ara ìbọn pàdé pẹ̀lú, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ Springfield máa ń fi í sí i débi tí ìwọ á fi máa wá ìlà náà kiri, bó bá sì ṣí sílẹ̀ tí èékánná fi lè kọ́ ọ, ẹnìkan ti fá irin kúrò níbẹ̀.

Òòlù tó ń gbá ìdí ọta àti tírígà tí ìka ń fà ni kí o kọjú sí lẹ́yìn èyí. Nínú àwọn ìbọn Smith & Wesson àtijọ́ tí sílíńdà wọn, ìyẹn àgbá oníyípo tí ọta ń wọ̀, ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, òòlù àti tírígà kì í gba níkẹ́lì, irin funfun tó ń dán tí wọ́n fi ń bo ìbọn, ìbáà jẹ́ pé níkẹ́lì ni wọ́n fi bo gbogbo ara ìbọn náà. Iná àti èédú ni wọ́n fi ń mú ojú wọn le, èyí sì máa ń fi àwọ̀ búlúù, ti eérú àti ti ilẹ̀ tó dàpọ̀ mọ́ra sílẹ̀ lára wọn. Bí àwọn méjèèjì bá funfun báláú, ọ̀rọ̀ ti parí.

Akọ̀wé_Dallas:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti síkúrù yìí kò gba èèyàn lọ́wọ́ olè. Colt Single Action Army ni mo rà ní ọjà ìbọn kan, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Colt ní Hartford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1873. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ aláràbarà tí iná ń fi sílẹ̀, ọ̀pá àti sílíńdà rẹ̀ ní búlúù, ọjọ́ ìwé-àṣẹ 1871 àti 1872 tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sì hàn. Ẹni tó tà á búra fún mi pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án láti ìgbà tó ti kúrò ní Hartford. Mo san owó ńlá. Lẹ́yìn èyí ni mo kọ̀wé sí Colt pé kí wọ́n bá mi wo àkọsílẹ̀ wọn, èsì tó dé ni pé níkẹ́lì ni wọ́n fi bo ìbọn tó ní nọ́ńbà yẹn nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹnìkan ti bó níkẹ́lì náà, ó sì fi oògùn àti iná ọwọ́ kun àwọ̀ èké sí i lára. Nígbà tí mo padà bá alátà, ó ní ọjà tí òun bá ti tà kì í padà. Ẹni tí kò bá ní ìwé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́, kó má rà nǹkan kan. Mo tún un sọ: ẹ má rà nǹkan kan.

ÌyáÌbejì_Katy:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n ṣe fún yín burú, ṣùgbọ́n Colt tiyín yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ yìí béèrè, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì ní. Àjọ tó ń tọ́jú ìtàn Smith & Wesson máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún owó, síbẹ̀ kò lè dé kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ìbọn ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nìkan ni ìwé náà lè sọ. Bí àkọsílẹ̀ bá ní níkẹ́lì, tí èyí tó wà lọ́wọ́ yín náà jẹ́ níkẹ́lì, ta ló sọ fún yín pé níkẹ́lì kan náà ni? Wọ́n lè ti bó ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi tuntun bò ó. Ara irin fúnra rẹ̀ nìkan ló lè dáhùn ìyẹn.

Akọ̀wé_Dallas:
Ìyá Ìbejì, bí mo bá ti ní ìwé kí n tó sanwó ni, mi ò ní padánù kọ́bọ̀.

TúndéAlùpùpù:
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Bí ìbọn náà bá jẹ́ níkẹ́lì, kí ẹ̀gbọ́n má ṣe fi oògùn ìfọ̀bọn tó ní ammonia fọ̀ ọ́, nítorí pé bàbà sábà máa ń wà lábẹ́ níkẹ́lì, oògùn náà á sì gba ibi tó bá ti ṣí wọlé láti jẹ bàbà yẹn, níkẹ́lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó kúrò. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó.

ÌyáÌbejì_Katy:
Túndé, wọn ò tíì rà á, o ti ń fọ̀ ọ́.

ỌmọÌlọrin_ATL:
Ẹ̀yin àgbà, èmi kò gbà pé gbogbo ìbọn tí wọ́n tún kùn ni aláìwúlò. Bí ìbọn bá padà sí Springfield, tí àwọn òṣìṣẹ́ kan náà tó ṣe é sì tún un kùn, kí ló mú kó má jẹ́ ti ilé iṣẹ́? Wọ́n máa ń tẹ ìràwọ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ èèkù irú ìbọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè tẹ oṣù àti ọdún iṣẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì irin tí igi èèkù bò mọ́lẹ̀, bí àpẹẹrẹ 5.48 fún oṣù karùn-ún ọdún 1948. Ẹ tún wo àwọn Colt tí wọ́n ń pè ní Artillery: láàárín 1895 sí 1903 ni ìjọba Amẹ́ríkà kó ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin jọ, wọ́n gé ọ̀pá wọn láti ínǹṣì 7.5 sí 5.5, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara wọn mọ́ra, wọ́n sì tún wọn kùn. Lónìí, àwọn olùkójọ ń du wọ́n lọ́wọ́ ara wọn.

BàbáỌdẹ_Ọ̀wọ̀:
Artillery ní ìtàn tí ìjọba kọ sílẹ̀, iṣẹ́ ogun ni wọ́n tún un ṣe fún. Ìbọn tó padà sí Springfield nítorí pé oní-nǹkan fẹ́ kó dán sí i jẹ́ iṣẹ́ rere, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọ̀ kejì ni. Bí alátà bá sọ fún ọ pé àwọ̀ kejì ni, tó sì dín owó kù, kò sí ìjà. Ẹni tó bá pe kejì ní àkọ́kọ́ láti fi gba owó àkọ́kọ́ ni mo ń bá wí.

ỌmọÌlọrin_ATL:
Ẹ ti gbà pé iṣẹ́ rere ni, Bàbá.

ỌmọAláké_Alief:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà lọ wò ó lálẹ́ àná. Lẹ́tà V ló ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀ nísàlẹ̀ èèkù, òrùka kékeré kan sì wà níbẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ tó ínǹṣì 5. Òòlù àti tírígà funfun bí ara tó kù. Adé kékeré kan wà lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà BNP, wọ́n sì kọ NOT ENGLISH MAKE sí i. Lórí rẹ̀ lókè, mo rí U.S. PROPERTY, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ṣé ìyẹn dára?

BàbáỌdẹ_Ọ̀wọ̀:
Ọmọ mi, ohun tó yẹ kí o kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Victory Model ni, ìbọn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi V ṣáájú nọ́ńbà wọn. Nígbà ogun, kò sẹ́ni tó ráyè dídán: yanrìn ni wọ́n fi ń fọ́n irin náà, wọ́n á sì fi àwọ̀ dúdú tí kò dán rárá sí i lára. Kò sí níkẹ́lì nínú ọ̀rọ̀ Victory. Níkẹ́lì tí o rí yẹn, lẹ́yìn ogun ni ẹnìkan fi bò ó, òòlù àti tírígà funfun sì jẹ́rìí sí i. Bí ọmọ opó náà ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́, n kò pè é lópùrọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Ìbọn tí àwọ̀ ogun rẹ̀ ṣì pé ló lè tó irú iye tí wọ́n ń pè.

ỌmọÈkìtì_Peckham:
Ẹ jẹ́ kí èmi tó wà ní London dá sí i. Láti ìgbà òfin 1997 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn ìléwọ́ ti di èèwọ̀ fún aráàlú níbí, nítorí náà ojú nìkan ni mo fi ń kó wọn jọ. Ọ̀pá ínǹṣì 5 yẹn wà lára àmì pé ọ̀dọ̀ wa ni ìbọn náà kọ́kọ́ wá: Amẹ́ríkà fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ètò Lend-Lease tó bẹ̀rẹ̀ ní 1941. BNP pẹ̀lú adé jẹ́ àmì ilé ìdánwò ìbọn ní Birmingham, tí wọ́n tẹ̀ sí i kí wọ́n tó tà á fún aráàlú lẹ́yìn ogun. Kí ẹ̀gbọ́n fi dígí asọ-nǹkan-di-ńlá wo inú adé náà. Bí níkẹ́lì bá dà wọ inú rẹ̀ tó sì mú etí rẹ̀ rọ̀, a jẹ́ pé lẹ́yìn Birmingham ni wọ́n fi níkẹ́lì bò ó. Bí àmì náà bá gé níkẹ́lì já débi irin, a jẹ́ pé níkẹ́lì ti wà lára rẹ̀ ṣáájú ìdánwò, ìyẹn á sì yà mí lẹ́nu gidigidi.

ÌyáÌbejì_Katy:
Ohun kan wà tó ju àwọ̀ lọ. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọta .38 S&W ló ń jẹ, èyí tó gbòòrò díẹ̀ ju ọta .38 Special lọ, tó sì kúrú jù ú. Lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣòwò gbẹ́ ihò ọta ọ̀pọ̀ wọn jìn sí i kí .38 Special lè wọlé, nítorí náà ìdí ihò náà ṣì gbòòrò jù, ìkarahun ọta á sì máa wú tàbí kó là nígbà tí wọ́n bá yìn ín. Kí alágbẹ̀dẹ Bissonnet wọn ihò náà kí ẹnikẹ́ni tó fi ọta sí i. Kí ó sì fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ èèkù wé èyí tó wà lẹ́yìn sílíńdà àti èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá, nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó bára mu.

Akọ̀wé_Dallas:
Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi gẹ́lẹ́ nìyí. Sá lọ, àbúrò. Má tiẹ̀ kí wọn pé ó dàbọ̀.

ỌmọÌlọrin_ATL:
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, opó ló ń tà á, ẹ má fi wé ọ̀jáfáfá inú ọjà. Kí ó sọ ohun tó rí fún wọn ní pẹ̀lẹ́tù, kí ó sì ní kí wọ́n dín owó kù.

TúndéAlùpùpù:
Ṣé èèyàn lè fi irú èyí ránṣẹ́ sílé fún bàbá ọdẹ?

BàbáỌdẹ_Ọ̀wọ̀:
Rárá. Má dán an wò, má sì béèrè irú rẹ̀ níbí mọ́.

ỌmọAláké_Alief:
Ẹ̀yin àgbà, mo ti rà á. Dọ́là 1,150 ni mo san. N kò tú èèkù rẹ̀, nítorí pé Ìyá jókòó tì mí, n kò sì lè máa fi dígí wo ohun ìní ọkọ wọn níṣojú wọn. Mo gbà pé wọ́n ti tún un kùn, ẹ̀rí tí Bàbá mú wá kò ṣeé bá jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí a bá jẹun Thanksgiving tán nílé ọ̀gá mi, wọ́n máa ń gbé e jáde fún wa wò, funfun báyìí ni mo sì ṣe mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé dúdú ogun ló wà lára rẹ̀, bóyá n kò ní dá a mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa gbé e lọ sí Bissonnet kí wọ́n wọn ihò rẹ̀.

Akọ̀wé_Dallas:
1,150! Háà!

BàbáỌdẹ_Ọ̀wọ̀:
Owó rẹ ni, ọmọ mi, o sì mọ ohun tí o rà. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá tú igi èèkù náà, bá wa ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ òsì irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó dá a padà. Bí ọjọ́ kan bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ìbọn náà ti padà sí Springfield rí, ỌmọÌlọrin á sì tún rí nǹkan bá mi jiyàn lé lórí.