Àyẹ̀wò bíréèkì afẹ́fẹ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tó jò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awakọ̀ tírélà àti mẹkáníìkì. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń wa bọ́ọ̀sì kékeré láti Gárééjì Ọ̀fà ní Ìlọrin. Láísẹ́nsì ọkọ̀ ńlá ni mo ń múra sílẹ̀ fún báyìí.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ti ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì ẹsẹ̀, àmọ́ sípíríǹgì ló ń di táyà ẹ̀yìn mú tí ọkọ̀ bá dúró, afẹ́fẹ́ ló sì ń ká sípíríǹgì yẹn kò kí ọkọ̀ tó lè rìn. Ìyẹn yé mi, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó wọlé.

Àyẹ̀wò jíjò ni mo há sí. Láàárọ̀ àná, géèjì afẹ́fẹ́ dé 120 psi (psi ni ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan). A fi igi há táyà, a pa ẹ́ńjìnnì, mo tú bíréèkì ìdúró, mo wá tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Lójú ẹsẹ̀ ni abẹ́rẹ́ já sí 112, ó dúró díẹ̀, ó tún rọra sún dé 110. Ìwé awakọ̀ Amẹ́ríkà tí mo ń kà ní kò gbọdọ̀ ju 3 psi lọ ní ìṣẹ́jú kan fún ọkọ̀ tí kò fa nǹkan, 4 fún èyí tó ń fà. Tiwa ò fa nǹkan kan. Mo fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rọ́bà, kò hó níbì kankan. Mo tún da omi inú táńkì afẹ́fẹ́ nù, 8 yẹn náà ló ṣì ń já.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 8 tó kọ́kọ́ já yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń kà, àbí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá dúró ni kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kan náà?