Pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ti tì: kí lẹ ti rí tó jẹ́ kó ṣí padà?

Ọmọ Ajílété: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, pápákọ̀ òfurufú kéékèèké tí wọ́n ti tì pa, tí aráàlú ń jà pé kí wọ́n ṣí: èwo ló ṣí, èwo ni kò ṣí, kí ló fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ìjọba ni".

Akẹ̀sán Boy: Ìjọba ni.

Ẹlẹ́rọ Màsífà: Ẹ wá ẹni tó ni ilẹ̀ ná. Ẹ wo Doncaster nílùú Òyìnbó. Àwọn ológun òfurufú ló ni ín tẹ́lẹ̀, rọ́nwéè rẹ̀, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀, gùn ní mítà 2,893. Ó ṣí fún èrò ní 2005. Ní oṣù kọkànlá 2022, ilé iṣẹ́ Peel tó ni ibẹ̀ tì í, wọ́n ní owó tó ń wọlé kò tó. Aráàlú kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n fọwọ́ sí i lọ bẹẹrẹ, géètì ò mì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yí padà ni oṣù kẹta 2024, tí ìgbìmọ̀ ìlú gba ilẹ̀ náà ní líìsì ọdún 125. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè pe àwọn tí yóò bá wọn ṣe é wá sórí tábìlì, torí kò sí ẹni tó máa náwó sórí ilẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn.

Ìyá Ìbejì: Ọdún 125! Ta ló máa kà á tán?

Bọ̀dá Panápaná: Ẹlẹ́rọ, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ fo tiwa. Gígùn ọkọ̀ òfurufú ni òfin àgbáyé fi ń mọ ìpele panápaná tí pápákọ̀ gbọ́dọ̀ ní. ATR 72, ọkọ̀ kékeré tó ń kó bíi àádọ́rin èrò, gùn ní mítà 27, ìpele 5 nìyẹn: ọkọ̀ panápaná kan, omi lítà 5,400 pẹ̀lú fóòmù. Boeing 737-800 gùn ní mítà 39 àtààbọ̀, ìpele 7: ọkọ̀ méjì, omi lítà 12,100. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lè dé ìparí rọ́nwéè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí páǹpù ọ̀kan nínú méjèèjì bá dákẹ́, ìpele yín já lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì darí ọkọ̀ tó ti gbéra l'Ábújá gba ibòmíràn.

Ní pápákọ̀ tó ti pa, ìbéèrè yín ò gbọdọ̀ jẹ́ "ṣé ọkọ̀ panápaná wà?" Yóò wà. Táyà rẹ̀ á ti tẹ́ sójú kan, rọ́bà inú páǹpù á ti gbẹ, á ti sán torí kò sí omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, fóòmù á ti sọ̀kalẹ̀ sídìí dúrọ́ọ̀mù bí ọ̀rí ògì. Ẹ ní kí wọ́n tan án níwájú yín, kó tu omi.

Akẹ̀sán Boy: Fóòmù bí ọ̀rí ògì 😂😂 ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí.

Oníṣirò Òwódé: Ẹ jẹ́ ká gbé e lé ìwọ̀n. Àpẹẹrẹ lásán ni o. ATR oníjókòó 70, ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìjókòó 65 nínú ọgọ́rùn-ún kún. Èrò tó ń wọkọ̀ lóòjọ́ jẹ́ 91, lọ́dún 33,215. Ká ní ₦2,000 ni pápákọ̀ ń rí lórí ẹnì kan: ₦66,430,000.

Ó yá, jẹnẹrétọ̀. Lítà 60 ní wákàtí kan, wákàtí 12 lóòjọ́, lítà 720 nìyẹn. Lọ́dún, 262,800. Ká pe dísẹ́ẹ̀lì ní ₦1,000 lítà kan: ₦262,800,000. Ká tiẹ̀ ní NEPA gbé ìdajì (ẹ má rẹ́rìn-ín), ó ku ₦131,400,000. Bí ìlọ́po méjì owó èrò nìyẹn, a ò sì tíì sanwó oṣù ẹnì kankan, títí kan Bọ̀dá Panápaná.

Bọ̀dá Panápaná: Ẹ má fi tèmi ṣeré.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, owó ìbalẹ̀ ńkọ́? 5% tí wọ́n ń yọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Oníṣirò Òwódé: 5% yẹn kì í wọ àpò pápákọ̀, àwọn àjọ bíi NCAA, NAMA àti NiMet ló ń pín in. Owó ìbalẹ̀ wà, àmọ́ ìwúwo ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbà á. ATR ò ju tọ́ọ̀nù 23 lọ, 737-800 ń lọ sí bíi 79. Ẹ lè fojú inú wo iye tó máa jẹ́. Ohun tó ń gbé pápákọ̀ kékeré ró ni ìyálò: ṣọ́ọ̀bù ìtúnkọ̀ṣe, ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú, ilé ìkẹ́rùsí. Ìwé ìpolongo tí kò bá ní ojú ewé kan nípa ìyálò, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ilé ìkẹ́rùsí lẹ wí un! Ṣé máńgòrò wa ò lè máa lọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni?

Alágbàtà Káṣú: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Máńgòrò ń fẹ́ yàrá tútù tó wà ní bíi 13°C. Tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan, awọ á dúdú, kò sì ní pọ́n dáadáa mọ́. Tí ẹ bá ń gbé e lọ Amẹ́ríkà, wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú omi gbígbóná 46.1°C fún ìṣẹ́jú 65 sí 110, bí ó bá ṣe tóbi sí, nítorí ìdin eṣinṣin èso. Ibo ni ẹ̀rọ yẹn wà láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́? Inú ATR tó ń kó èrò náà, àyè báàgì ló wà, kò sí ti páálẹ́ẹ̀tì. Káṣú ní tiẹ̀ kì í bàjẹ́ lójú ọ̀nà, inú kọ̀ǹtéínà lójú òkun ni yóò máa gbà lọ.

Akẹ̀sán Boy: Máńgòrò Ọ̀yọ́ kúkú dùn ju tiyín lọ.

Ọmọ Ajílété: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ Ìbàdàn ní 2023. Ẹ̀yin ẹ máa fi máńgòrò yín sọ nǹkan.

Ẹlẹ́rọ Màsífà: Orúkọ kì í gbé ọkọ̀ fò. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà ló ń lọ wọkọ̀ n'Ílọrin torí ó sún mọ́ ọn ju Ìbàdàn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà: èrò kan náà, pápákọ̀ méjì. Doncaster náà ní pápákọ̀ Leeds Bradford àti East Midlands lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ ti kó mi mọ́ra, ẹ̀gbọ́n. Mi ò wí nǹkan mọ́.

Àgbà Táwà: Ẹ gbàgbé iná ojú rọ́nwéè. Pápákọ̀ tí kò ní iná, tí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ń kún: ẹni tó lọ ṣèpàdé l'Ábújá láàárọ̀ fẹ́ sùn nílé. Tí kò bá sí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, kò ní wọ ti àárọ̀ náà, mọ́tò ló máa wọ̀. Tí pápákọ̀ bá sì ti pa fún ọdún kan, wáyà kọ́pà abẹ́ ilẹ̀ lolè kọ́kọ́ ń hú. Koríko á ta gbòǹgbò síbi tí ojú rọ́nwéè ti sán, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Igbó tó bá hù láàárín mítà 140 lọ́tùn-ún lósì rọ́nwéè ń pe ẹyẹ ni, ẹyẹ sì ń wọ ẹ́ńjìnì.

Ẹlẹ́rọ Màsífà: Àti àmì X. Tí ẹ bá ti rí X funfun lórí rọ́nwéè, ó ti pa nìyẹn, awakọ̀ ò gbọdọ̀ balẹ̀. Ní Chicago, òru ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2003, Daley tó jẹ́ olórí ìlú rán katapílà lọ gbẹ́ X náà sínú rọ́nwéè Meigs Field, pápákọ̀ kékeré kan níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó há síbẹ̀, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè ni wọ́n gbà fò jáde. Owó ìtanràn tí wọ́n bù lé ìlú náà jẹ́ $33,000 péré. Ọgbà ìgbafẹ́ ló dà báyìí.

Ìyá Ìbejì: Lóru! Bí olè!

Oníṣirò Òwódé: Ìtàn pápákọ̀ Manston ní Kent, nílùú Òyìnbó, lèmi fẹ́ràn jù. Pọ́n-ùn kan ni ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan, Ann Gloag, fi rà á ní 2013. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 2014, ó pa.

Akẹ̀sán Boy: Pọ́n-ùn kan ṣá? Ẹ kọ méjì sí mi lọ́rùn.

Oníṣirò Òwódé: Àdánù ló bá a wá, àbúrò. Àwọn tó jà fún un kò dá ẹjọ́ wọn lé èrò, ẹrù ni wọ́n gbé kalẹ̀: ó kéré tán, ìgbéra àti ìbalẹ̀ ọkọ̀ ẹrù 10,000 lọ́dún. Àṣẹ ìjọba pé kí wọ́n ṣí i padà jáde ní 2020, kóòtù fagi lé e ní 2021, òmíràn jáde ní oṣù kẹjọ 2022. Láàárín ìyẹn, nígbà tí Faransé ti ẹnubodè ní ìparí 2020, tírélà tí kò rí ọ̀nà kọjá ni wọ́n tò sójú rọ́nwéè rẹ̀.

Ọmọ Ajílété: Ká ní wọ́n ti ń gba owó páàkì lọ́wọ́ tírélà...

Oníṣirò Òwódé: Ìyálò lò ń wí yẹn. O ti ń gbọ́ èdè mi.

Ìyá Ìbejì: Akẹ̀sán Boy, máńgòrò Ọ̀yọ́ wo lò ń sọ? Èyí tó ní okùn nínú tó ń há séyín?